Bàbá Kọ́bọ́ọ̀dù Kì í Gbé Báàgì

Ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń kọ́kọ́ gbé. Á fi ìka méjì kan àyà, á sọ̀ kalẹ̀ sí ìbàdí, á gba ẹ̀yìn lọ, á tún padà síwájú, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ lu itan lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọwọ́ òsì á wá ṣe tirẹ̀. Bó bá ti dé orúnkún, á mí kanlẹ̀. Ìgbà náà ló tó lè jáde nílé.

Télọ̀ ni. Àdúgbò ń pè é ní Bàbá Kọ́bọ́ọ̀dù, torí pé kò gbé báàgì rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ kò sóhun tí èèyàn béèrè tí kì í fà yọ lára aṣọ. Nígbà tí iná kú ní báńkì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun ló fa àbẹ́là yọ. Akọ̀wé báńkì béèrè ohun tó ń fi àbẹ́là ṣe ní báńkì. Ó ní ohun tí akọ̀wé náà fẹ́ fi ṣe báyìí gan-an ni.

Ìtàn rẹ̀ tí wọ́n ń sọ jù ni ti ẹnu ọ̀nà ọgbà ìgbafẹ́. Kì í ṣe eré lásán ló gbé e débẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti ń gbàgbé nǹkan. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti jáde lọ ra òwú ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀rọ̀ ilé wọn, tó jẹ́ pé ẹni tí kò mọ̀ rí ló mú un padà wálé. Ó tún ní àtọ̀gbẹ, ó sì máa ń gbàgbé pé òun ò tíì jẹun. Àkọ́bí wọn obìnrin, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní ìlú mìíràn, fẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bàbá ní rárá. Wọ́n fà á títí kí wọ́n tó fẹnu kò. Ìyá ti ń dárúkọ kẹ̀kẹ́ gíga inú ọgbà ìgbafẹ́, èyí tó ń gbé èèyàn yí po lókè, láti ọjọ́ tó ti rí àwòrán rẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà. Wọ́n á mú un lọ síbẹ̀. Bàbá ni yóò tọ́jú rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì á kàn máa wò. Bí ọjọ́ náà bá lọ láìsí wàhálà, ìyá á dúró nílé rẹ̀. Bí wàhálà kan bá ṣẹlẹ̀, inú ọkọ̀ nọ́ọ̀sì ni yóò bá lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì wá ní kí bàbá òun jọ̀ọ́, kó gbé báàgì kan tó dára dání nítorí oògùn.

Ó ní, “Bí mo bá gbé báàgì, ọwọ́ kan ti bá a lọ. Wọ́n á ní kí n fi èkejì mú tíkẹ́ẹ̀tì. Èwo ni màá wá fi di ìyá rẹ mú?”

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi rán kóòtù kan.

Nígbà tí wọ́n dé ọgbà náà, wọ́n rí i tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé báàgì wọlé. Ẹni tó bá gbé e wá, kó lọ fi í pamọ́ sí ilé kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ọ̀hún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí. Gbogbo ìlà ń kùn. Bàbá Kọ́bọ́ọ̀dù nìkan ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó ti ń ṣẹjọ́ láti ogójì ọdún, tí adájọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dá a láre.

Obìnrin ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà wò ó látòkè délẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò gbé báàgì. Ó ní kó kàn bá òun kó ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ sórí tábìlì.

Bàbá Kọ́bọ́ọ̀dù wo tábìlì náà. Ó ní, “Ṣé ẹyọ kan yìí náà lẹ ní?”

Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Awò ojú ìyàwó rẹ̀, àti òmíràn bí ìyẹn bá fọ́. Áńkáṣíìfù mẹ́ta. Agolo oògùn funfun, agolo oògùn pupa. Ìgò omi pẹlẹbẹ kan tó tò mọ́ egungun ìhà. Bébà tí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù sí. Sálúbàtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ òsì lósì. Ó nawọ́ sẹ́yìn ọrùn, ó fa agbòjò yọ bí ẹni fa idà. Aṣọ òjò méjì tí wọ́n ká bí ẹní. Téèpù ìwọnṣọ. Bọ́tìnnì mẹ́rìnlá. Àwọn tó wà lórí ìlà ò kùn mọ́. Wọ́n ti ń sún mọ́ tòsí. Bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ sí èjìká kó lè rí i dáadáa. Ó rò pé ó wà lára ohun tí wọ́n sanwó fún ni.

Ẹ̀ṣọ́ lọ pe ọ̀gá rẹ̀ wá. Ọ̀gá yí Bàbá Kọ́bọ́ọ̀dù po lẹ́ẹ̀kan, ó béèrè bóyá ó tún ku nǹkan. Bàbá ní ó ku àpò méje tí òun rán pa, torí òun gbọ́ pé kẹ̀kẹ́ wọn ń lọ sókè gan-an, òun ò sì fẹ́ kí nǹkan já bọ́ lé ọmọ ọlọ́mọ lórí. Ọ̀gá fọwọ́ tẹ èyí tó wà lẹ́yìn èjìká. Bàbá ní súìtì ìyàwó òun nìyẹn, ti ìgbà tí ara bá ń gbọ̀n. Ọ̀gá tẹ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rí i pé ó le.

“Kí wá lèyí, bàbá?”

“Eyín mi ni.”

Ọ̀gá yáa fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Eyín mẹ́rin iwájú ni, èyí tí dókítà eléyín ṣe fún un. Ẹnìkan ló sọ fún un pé kẹ̀kẹ́ náà máa ń mú kí èèyàn lanu. Ilé ló ti yọ ọ́, tó rán an pa, tó sì fi ẹnu òfìfo rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tí wọ́n pàdé lọ́nà.

Ọ̀gá jẹ́ kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wọlé, àyàfi sísọ́ọ̀sì méjì, ńlá kan, kékeré kan. Ó ní òfin ni, irin ẹlẹ́nu ò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Wọ́n fún un ní nọ́ńbà kan pé kó fi gbà á tó bá ń jáde. Ojú Bàbá Kọ́bọ́ọ̀dù ń bá sísọ́ọ̀sì kékeré yẹn lọ títí wọ́n fi tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀.

Ìkósápò wá pẹ́ ju ìkósílẹ̀ lọ, torí oníkálùkù ló ní ibùgbé tirẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ki aṣọ òjò bọ ibi tí ìgò omi ń gbé. Bàbá fà á yọ. Ó ní, “Ọmọ mi, ilé onílé lo wọ̀ yẹn.”

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó da òun àti báàgì pọ̀. Àwọn kan ní ó gbàgbé báàgì kan sínú ọkọ̀ nígbà èwe, aṣọ oníbàárà sì wà nínú rẹ̀. Ó ní irọ́ ni. Ohun tí òun mọ̀ ni pé èèyàn ló ń gbé báàgì, ṣùgbọ́n àpò ló ń bá èèyàn lọ. Báàgì tí wọ́n bá gbé kalẹ̀, ó ti di ti ilẹ̀.

Yàrá kan tó kọjú sí títì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì ìlọṣọ, dígí ńlá kan tí etí rẹ̀ ti là. Òun ló ń lo ẹ̀rọ. Ìyàwó rẹ̀ ló ń fọwọ́ rán: bọ́tìnnì, ojú bọ́tìnnì, etí aṣọ. Ìyàwó yìí náà ló ń tú ohun tó yẹ kí wọ́n tú, títú sì pọ̀, torí bí àbá bá ti dé sí Bàbá Kọ́bọ́ọ̀dù lórí, kì í béèrè lọ́wọ́ oníbàárà mọ́.

Tíṣà kan gbé gáùn wá. Nígbà tó gbà á, ó bá àpò mẹ́rin lára rẹ̀, ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀kì, ọ̀kan fún bírò pupa, ọ̀kan fún áńkáṣíìfù, ọ̀kan tí wọn ò tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Inú bí i. Ó ní òun ò sọ pé kí wọ́n fi àpò sí i. Bàbá ní kò sọ pé kí wọ́n má fi sí i. Ó fi ìbínú gbé gáùn lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé aṣọ méjì mìíràn wá, kò dárúkọ àpò rárá. Ó kàn gbé e kalẹ̀, ó sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ti káfíńtà kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá rán sòkòtò fún un, ó fi àpò òòlù sí ẹ̀yìn itan, kí òòlù má bàa máa lù ú ní orúnkún. Ní ọjọ́ kẹta, káfíńtà ń tiro wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó ti jókòó lé òòlù. Bàbá Kọ́bọ́ọ̀dù yẹ sòkòtò náà wò, ó ní kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Sòkòtò iṣẹ́ lòun rán. Kò sẹ́ni tó sọ fún òun nípa ìjókòó.

Ìyàwó gba sòkòtò náà láìsọ̀rọ̀. Ó lọ síbi fèrèsé, ó fi àtàǹpàkò wá ibi tí ọkọ rẹ̀ so kókó òwú sí, ó sì tú àpò náà kí káfíńtà tó mu omi tí wọ́n fún un tán. Ó gbé òòlù lé e lọ́wọ́. Ó ní kó máa pẹ̀lẹ́, òun náà ń fara dà á ni.

Ọdún kẹrin lẹ́yìn ọjọ́ ọgbà ìgbafẹ́ ni Bàbá Kọ́bọ́ọ̀dù kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ kó aṣọ rẹ̀ fún àwọn tó lè lò ó. Wọ́n rò pé iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi tú àpò. Wọ́n bá bísíkíìtì ààbọ̀. Wọ́n bá kọ́kọ́rọ́ ilé tí wọ́n ti kó kúrò kí wọ́n tó bí àbíkẹ́yìn. Wọ́n bá eyín ọmọdé kan nínú bébà, ó kọ ọjọ́ tí eyín náà yọ sí i lára, kò kọ ti ẹni tó jẹ́, gbogbo wọn sì ń bára wọn jiyàn pé tòun ni. Nínú àpò àyà, wọ́n bá ìwé pélébé kan tó kọ “Má gbàgbé” sí. Kò kọ ohun tí wọn ò ní gbàgbé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ọ̀kan nínú wọn sì jáde lọ dúró lẹ́yìn ilé fúngbà díẹ̀.

Ní ọjọ́ ọgbà ìgbafẹ́ yẹn, nọ́ọ̀sì ń wá àṣìṣe. Kò fi pamọ́. Bí wọ́n ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹṣin onígi tó ń yí, ó béèrè oògùn ọ̀sán. Kò tíì sọ ọ́ tán tí agolo funfun fi jáde. Ó béèrè omi. Omi ti wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Oòrùn mú díẹ̀, agbòjò ṣí. Ó wá ní ó dà bíi pé ó rẹ Màámi, bẹ́ẹ̀ bẹ́ńṣì tó wà níbẹ̀ le, irin sì ni. Bàbá Kọ́bọ́ọ̀dù nawọ́ sí abẹ́ kóòtù, ó fa rọ́bà rírọ̀ kan yọ, ó fi í sẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn sí i. Láìsí eyín iwájú, atẹ́gùn ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde, ó ń súfèé. Ó fẹ́ ẹ títí ó fi di tìmùtìmù. Nọ́ọ̀sì yíjú sí ibòmíràn kí wọ́n má bàa rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá jókòó sórí tìmùtìmù. Ó pe nọ́ọ̀sì ní àbúrò òun, ó béèrè bóyá ọkọ rẹ̀ ti dé láti ìrìn àjò. Nọ́ọ̀sì ní ó ti dé. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán gangan, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ gíga. Yàrá kékeré onídígí kan ni wọ́n fi àwọn mẹ́ta sí. Ìyá àti bàbá jókòó pọ̀, nọ́ọ̀sì kọjú sí wọn. Ó ń gbé wọn lọ díẹ̀díẹ̀. Ìyá fọwọ́ lé dígí. Ó ń ka òrùlé ilé, ó ń dárúkọ àwọ̀ wọn. Bàbá Kọ́bọ́ọ̀dù kò wo ìsàlẹ̀ rárá. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí wọ́n dé òkè pátápátá, kẹ̀kẹ́ náà dúró.

Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ gba èrò ni. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan jáde láti ìsàlẹ̀ pé iná ló ní ìṣòro díẹ̀, kí wọ́n ní sùúrù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ìyá ò dárúkọ àwọ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì rí òógùn lórí ètè rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà ń gbọ̀n.

Ó ní, “Ṣúgà ara Màámi ti ń lọ sílẹ̀. Bàámi, ẹ mú súìtì wá.”

Bàbá Kọ́bọ́ọ̀dù fọwọ́ kan ẹ̀yìn èjìká rẹ̀.

“Ó wà nínú àpò tí mo rán pa.”

“Ẹ tú u.”

“Sísọ́ọ̀sì wà lẹ́nu ọ̀nà.”

“Ẹ fi eyín já a.”

Ó la ẹnu, ó fi hàn án.

“Eyín ọ̀hún náà ńkọ́?”

Ó bọ́ kóòtù, ó nàka sí àpò tó tẹ̀ lé ti súìtì.

Nọ́ọ̀sì gba kóòtù, ó fi eyín tirẹ̀ sí i. Òwú tí àwọn tó ń rán bàtà ń lò ni, bàbá sì ti fi ìda pa á. Kò já. Ó fẹ́ fi èékánná fà á. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn kì í jẹ́ kí èékánná gùn. Ó fi ẹsẹ̀ ti ògiri, ó fẹ́ fa aṣọ náà ya. Aṣọ ò ya. Ogójì ọdún ni Bàbá Kọ́bọ́ọ̀dù fi ń fọ́nnu pé aṣọ tóun bá rán kì í ya. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń gbàdúrà pé kí ó jẹ́ irọ́.

Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ láìwo ojú ọmọ rẹ̀. “Ìwọ lo jàre. Kí a ṣáà ti délẹ̀. Mú un lọ.”

“Ẹ gbé e wá,” ni ìyá wí.

Àwọn méjèèjì wò ó. Ó na ọwọ́. Nọ́ọ̀sì gbé kóòtù lé e nítan. Ìyá yọ yẹtí etí òsì rẹ̀, ó fi eyín tẹ ìkọ́ rẹ̀ kó lè nà, ó sì yí inú kóòtù síta. Òógùn ń kán sí i lára. Ó fi àtàǹpàkò tọ ojú ìrán náà lọ, jẹ́jẹ́, ó dúró níbì kan, ó padà sẹ́yìn díẹ̀.

“Ibẹ̀ náà lẹ tún so ó sí,” ó ní. “Ẹ ò ní í kọ́ ibòmíràn.”

Ó ki ìkọ́ yẹtí bọ abẹ́ kókó. Ìgbà àkọ́kọ́, ó yọ̀. Ìgbà kejì, ó yọ̀, nọ́ọ̀sì fẹ́ gbà á, bàbá di nọ́ọ̀sì lápá mú. Ìgbà kẹta, kókó náà gbé orí. Ìyá fi ìka méjì mú orí òwú, ó fà á, gbogbo ojú àpò náà sì ṣí gbayawu. Súìtì dà sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì bó ọ̀kan sí i lẹ́nu, ó tún bó èkejì.

Ó ń lá a lọ, kò gbé kóòtù sílẹ̀. Ó ki ìkọ́ bọ àpò kejì, ó tú u, ó mú eyín jáde, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún dáadáa, ó nà án sí ọkọ rẹ̀.

“Ẹ wọ eyín yín. Ojú ń tì mí.”

Ó wọ̀ ọ́.

Ara ìyá ti ń rọlẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó tẹ́ kóòtù sórí orúnkún, ó ń fọwọ́ ra á, àpò kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó béèrè ẹni tó rán an, ó ní iṣẹ́ náà mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Kọ́bọ́ọ̀dù ní, “Télọ̀ kan báyìí ni.”

“Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ sọ fún un pé àpò ti pọ̀ jù.”

“Màá sọ fún un.”

Nígbà tí wọ́n jáde, ó gba sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Bọ́ọ̀sì ni òun àti ìyàwó rẹ̀ wọ̀ wá láàárọ̀, ṣùgbọ́n ibi ìgbọ́kọ̀sí ló forí lé, níbi tí ọkọ̀ nọ́ọ̀sì wà. Kì í yẹ àdéhùn. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, ó ń mú nǹkan jáde, ó ń kó wọn lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

“Ti àárọ̀ àti ọ̀sán ni funfun, ti alẹ́ ni pupa. Kì í béèrè omi. Gbé e síbi tójú rẹ̀ á ti kàn án, á mu ún. Awò ojú yìí ló fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n èyí ló fi ń ríran. Bó bá jí, má tan iná lójijì. Bó bá pè ọ́ ní àbúrò rẹ̀, dáhùn.”

“Mo ti ń dáhùn, Bàámi.”

“Mo rí i.”

Ó ń kó o lọ. Gáùn tí nọ́ọ̀sì wọ̀ kò ní àpò kankan. Nínú gbogbo ọmọ rẹ̀, òun nìkan ni kò gbà kó fi àpò sí aṣọ òun láti ọmọ ọdún méjìlá. Ó fi apá gbá àwọn agolo mọ́ra, ó fi àgbọ̀n tẹ agbòjò mọ́lẹ̀. Sálúbàtà ẹsẹ̀ kan bọ́. Bó ṣe fẹ́ tẹ̀ mú un, ìgò omi bọ́. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà ní ìka rẹ̀ tó kéré jù, kò sì sí ọwọ́ tó máa fi ṣí ilẹ̀kùn.

Nígbà tó gbójú sókè, ìyá ti ń lọ. Kò sáré. Ó ti kọjá ọkọ̀ mẹ́ta, ó gba ọ̀nà títì, ó ń wo òrùlé ilé kan bí ẹni tó fẹ́ kí i.

Nọ́ọ̀sì gbé ẹsẹ̀ kan. Agolo pupa yí kúrò ní apá rẹ̀. Ó dúró.

“Bàámi, ẹ gba nǹkan yín.”

Bàbá Kọ́bọ́ọ̀dù wo ojú rẹ̀.

“Àdéhùn wa ńkọ́?”

“Màámi ti ń lọ,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Ẹ gbà á. Màá wá lọ́jọ́ Àìkú.”

Ó gbà á. Ó ṣa èyí tó wà nílẹ̀, ó ń kó wọn síbi tí oníkálùkù ń gbé bó ṣe ń rìn, kò dúró, kò bojú wẹ̀yìn. Ó ti kó èyí tó kẹ́yìn tán kó tó kọjá ọkọ̀ kẹta. Ó bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́bàá títì. Ìyá nàka sí òkè, ó sọ nǹkan kan tí nọ́ọ̀sì ò gbọ́. Bàbá náà wo òkè. Ó na ọwọ́ òsì sí i, ìyá mú un, wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ sí ibùdókọ̀.